Nígbà tí Ìbọn Afẹ́fẹ́ Kò Bá Dúró Lójú Àmì Mọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Yẹ̀

Tí ìbọn afẹ́fẹ́ yín bá lu àmì lánàá, tó wá gba ẹ̀gbẹ́ àmì kọjá lónìí, ibi tí ọwọ́ kọ́kọ́ ń sáré lọ ni ìyí orí awò, ìyẹn ohun kékeré tí a ń yí lórí gíláàsì gígùn tí a fi ń fojú sun àmì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ojú awò kì í dédé ṣáko. Ohun kan ló tú, tàbí ló yẹ̀, láàárín ojú yín àti ẹnu ìbọn. Bí ẹ bá ń yí awò tẹ̀lé e, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá nìyẹn. Lọ́la, ohun tó tú náà á tún yẹ̀ síbòmíràn, ẹ ó tún yí i, títí ẹ ò fi ní mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwa Yorùbá tí a ń gbé Abuja àti òkè Ọya, tí a ní ọgbà adìẹ ní Kuje tàbí oko ní Gwagwalada, Kwali àti Abaji, tí eku ń jẹ oúnjẹ adìẹ wa, tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń hú ẹ̀pà wa. Ìbọn tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ni oní-sípíríǹgì, èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè ká, kí a tó ki ọta bọ ìdí ọ̀pá. Ọta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 4.5 tàbí 5.5, ìyẹn .177 àti .22 tí ẹ ń rí lára agolo. Òun ni n ó sọ̀rọ̀ lé jù, torí òun ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù.

Ìdí tó fi ń yọni lẹ́nu rèé. Bí ẹ bá fa tírígà, písítìnì inú ìbọn á ta síwájú, ìbọn fúnra rẹ̀ á ta sẹ́yìn. Lójú ẹsẹ̀ náà, písítìnì á kọ lu afẹ́fẹ́ tó ti há mọ́ iwájú rẹ̀, ìbọn á tún ta síwájú. Ìgbọ̀nrìrì méjì ni, ọ̀kan sẹ́yìn, ọ̀kan síwájú, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Gbogbo síkúrù tó wà lára ìbọn ló ń jẹ ìyà yẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yìn ín. Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ọdẹ ńlá, tí ìyà tirẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yìn nìkan, lè tú nínú lórí ìbọn afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń wò pé kò lágbára. Nítorí náà, ẹ ra awò tí wọ́n kọ ọ́ sí lára páálí rẹ̀ pé ó wà fún ìbọn afẹ́fẹ́ oní-sípíríǹgì.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó ní in. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí oko, kó wà nínú àpò rẹ̀, kó má ní ọta nínú, kí ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ yín, torí ojú ọ̀nà tiwa lọ́hùn-ún kún fún ṣọ́jà àti ọlọ́pàá. Kí ẹ tó fi síkúrùdiráífà kan ohunkóhun lára rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fojú rí i pé kò sí ọta níbẹ̀, pé kò sì ká. Ẹni tó bá ń ki ọta bọ ìbọn tó ti ká, kó fi ọwọ́ kejì di ọ̀pá mú ṣinṣin. Bí tírígà bá já nígbà tí ìka wà ní ìdí ọ̀pá, ìka náà lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí bébà sọ ohun tó ń ṣe é

Ẹ jí lọ sí oko ní àárọ̀ kùtù, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Lásìkò ọyẹ́, láti bí aago mẹ́wàá ni atẹ́gùn ti ń le, ọta kékeré tí kò wúwo tó gíráàmù kan sì ni afẹ́fẹ́ máa ń gbé lọ bó ṣe wù ú. Ẹ wá ibi tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn àmì. Ẹ má fi ògiri tàbí páànù ṣe é, ọta máa ń ta padà, ẹ sì wọ awò ojú. Ẹ fi bébà sí mítà 20. Ẹ fi àpò ìrẹsì kékeré tí ẹ rọ iyanrìn sí gbé ọwọ́ yín ró, kí ẹ yin ọta mẹ́wàá sí ojú kan náà, láìyí awò rárá, ibi yòówù kí ó lu. Ọta mẹ́ta kò tó láti dá ìbọn lẹ́jọ́. Mo rí àwọn tí wọ́n yin méjì, tí wọ́n yí awò, tí wọ́n yin méjì sí i, tí wọ́n tún yí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jẹ agolo ọta kan tán, kò ní mọ ohun kan ju ti àárọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ wo bébà dáadáa. Bí ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ṣù pọ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n tí ojú kan náà kì í ṣe ibi tí ẹ fojú sùn, ohun kan ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró síbi tó yẹ̀ sí: awò ni nǹkan gbá, tàbí ẹ pààrọ̀ ọta, tàbí ẹ pààrọ̀ bí ẹ ṣe ń dì í mú. Bí ihò bá ń rìn lọ sí ọ̀nà kan, tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ga ju ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ga ju ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awò ló ń rá díẹ̀díẹ̀ lórí réèlì, irin orí ìbọn tó gbé e. Bí wọ́n bá pín sí ìṣùpọ̀ méjì tó ya ara wọn sọ́tọ̀, ohun kan wà lára ìbọn yẹn tó ní ibùjókòó méjì, tó ń bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì: inú awò ni, tàbí ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́. Bí wọ́n bá sì fọ́n káàkiri bí ìgbà tí adìẹ tú àgbàdo, ẹ má sọ pé ìbọn ti bàjẹ́. Síkúrù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìdánwò kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, tó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà. Bí ìbọn yín bá ní ojú irin tirẹ̀, ìyẹn ṣóńṣó iwájú àti ihò ẹ̀yìn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ẹ tú awò kúrò, kí ẹ fi ojú irin yin ọta mẹ́wàá ní mítà 10. Bí ihò bá ṣù pọ̀ dáadáa, ara ìbọn yá. Awò tàbí ohun tó gbé awò ni ẹjọ́. Bí wọ́n bá ṣì fọ́n, ẹ fi awò sílẹ̀, ara ìbọn ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ déètì, àkókò, bí ooru ṣe rí àti irú ọta sí i. Láti ibí lọ, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì yin ọta mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá tún nǹkan mẹ́rin ṣe pọ̀ tí ìbọn sì dáa, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Bó bá sì tún ṣàìsàn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Síkúrù ara igi ìbọn, àti ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú igi rí

Ẹ yí ìbọn dojú dé kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Síkúrù méjì sábà máa ń wà ní ọ̀tún àti òsì iwájú igi, ọ̀kan tàbí méjì á tún wà nítòsí tírígà. Àwọn wọ̀nyí ló so irin pọ̀ mọ́ igi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dẹ̀, irin á máa jókòó síbòmíràn nínú igi ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yìn ín.

Níhìn-ín, ojú ọjọ́ wa ń dá kún un. Igi tí wọ́n fún ní síkúrù pinpin ní oṣù August, tí òjò ń rọ̀, tí afẹ́fẹ́ tutù, ti mu omi yó. Nígbà tó bá di January, tí ọyẹ́ ti fẹ́ wá láti aṣálẹ̀, tí ètè ń là, tí ilẹ̀kùn tí kì í ṣeé tì dáadáa lásìkò òjò ti ń tì wẹ́rẹ́, igi ìbọn náà ti gbẹ, ó ti sún kì. Irin kò sún kì. Síkúrù tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn á ti dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìbọn fi ń "ṣàìsàn" láti bí oṣù December lọ, tí ẹni tó ni ín á sì máa bá awò jà. Ní Kano, Katsina tàbí Maiduguri, ibi tí gbígbẹ ọyẹ́ ti pọ̀ ju ti Abuja lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é: ẹ wá síkúrùdiráífà tàbí Allen key tó bá orí síkúrù mu rẹ́gí. Ẹ tú síkúrù kọ̀ọ̀kan jáde, kí ẹ fi aṣọ nu epo kúrò lára rẹ̀ àti nínú ihò rẹ̀. Ẹ kán gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù, ẹ̀kán kan ṣoṣo, sí ẹnu rẹ̀. Ẹ má ra aláwọ̀ pupa, àfi bí ẹ kò bá fẹ́ tú u mọ́ láé. Ẹ dá a padà, kí ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, títí yóò fi le. Ibi tí ọwọ́ kan bá fún un dé láìfi agbára ejìká kún un ti tó. Bí ẹ bá fún un jù, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lábẹ́ síkúrù. Bí igi bá ti jẹ lábẹ́ orí síkúrù, ẹ wá wọ́ṣà tó bá a mu, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún kápẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ kó fi gúlúù líle kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́jú kí ẹ tó yìn ín.

Igi oníke kò ní wàhálà ọyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n síkúrù tirẹ̀ náà ń dẹ̀ nítorí ìgbọ̀nrìrì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bákan náà.

Ẹ padà síbi bébà, ọta mẹ́wàá. Ìbọn púpọ̀ ló ń parí àìsàn rẹ̀ síbí.

Òrùka tó gbé awò

Awò kò jókòó sórí ìbọn fúnra rẹ̀. Òrùka méjì ló gbà á mú, ẹsẹ̀ òrùka sì di réèlì orí ìbọn mú. Réèlì ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ jẹ́ kòtò tóóró méjì tó jìnnà síra ní mílímítà 11. Àwọn kan ní réèlì fífẹ̀ bíi ti ìbọn ológun. Òrùka réèlì fífẹ̀ kò bá réèlì mílímítà 11 mu, bí olówò bá tilẹ̀ sọ pé ó ń wọ̀ ọ́. Ó ń wọ̀ ọ́ lóòótọ́, kò kàn ní dúró ni.

Ẹ fi ojú wo réèlì náà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí ibi tí àwọ̀ dúdú ti họ, tí irin funfun hàn lẹ́yìn tàbí níwájú ẹsẹ̀ òrùka, awò ti ń rá nìyẹn. Àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ rí. Ohun tó ń dá a dúró ni píìnì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ òrùka ẹ̀yìn, tí a ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò orí réèlì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní píìnì yìí lára òrùka wọn tí wọn kò lò ó rí, torí kò sẹ́ni tó fi hàn wọ́n. Bí ìbọn yín bá ní ihò yẹn, ẹ sọ píìnì sínú rẹ̀, kí ẹ fa òrùka síbi tí píìnì yóò fi kan ògiri ihò náà pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ tó fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ihò, ẹ wá òrùka oníbùúlọ́ọ̀kù kan, tí òrùka méjèèjì ti so pọ̀ lára irin kan gígùn. Síkúrù rẹ̀ pọ̀, ó sì ń di réèlì mú ju òrùka méjì tó dá dúró lọ.

Kí ẹ tó dá ohunkóhun padà, ẹ fi sípíríìtì nu réèlì, ẹsẹ̀ òrùka àti ara awò. Epo díẹ̀ lábẹ́ òrùka tó láti jẹ́ kó máa yọ̀. Bí ẹ bá ń fún síkúrù orí òrùka, ẹ fún wọn ní àgbélébùú, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan ní ìgun kejì, kí àlàfo ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Bí ẹ bá rí sípánà tó ń ka agbára ọwọ́ yá, bíi èyí tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ eré-ìje ṣe ń lò, nǹkan bíi Nm 1.7 sí 2 tó fún síkúrù orí òrùka. Bí kò bá sí, ẹ fi ìka méjì di apá kúkúrú Allen key mú, kí ẹ dúró nígbà tí ìka bá sọ pé ó tó. Fífún jù burú ju àìfún tó lọ níbí: ara awò jẹ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́, òrùka lè tẹ̀ ẹ́ wọnú, ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ á há.

Nígbà tó bá le tán, ẹ mú kútẹ́ẹ̀sì, irú èyí tí àwọn obìnrin ń kùn sí èékánná, kí ẹ fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí síkúrù kọjá sára òrùka, àti láti ẹsẹ̀ òrùka kọjá sára réèlì. Lọ́jọ́ tí ohunkóhun bá yí tàbí tó rá, ìlà náà á já, ẹ ó sì rí i lójú kan láìyin ọta kankan.

Inú awò fúnra rẹ̀

Nínú awò, ọ̀pá kékeré kan wà tó gbé àgbélébùú tí ẹ ń fojú sùn dání. Ìyí òkè ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan sì ń tì í padà láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá yí i sókè jù, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, sípíríǹgì yẹn kò ní agbára mọ́. Àgbélébùú á máa léfòó, gbogbo ìyìn á sì gbé e síbòmíràn. Ìbọn tí a ń ṣẹ́ ló sábà ń fa èyí, torí ọ̀pá rẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí réèlì láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ni ín á yí ìyí òkè títí kó tó bá àmì, kò ní mọ̀ pé òun ti lo gbogbo agbára sípíríǹgì tán.

Ẹ rọra yí ìyí òkè sí ìsàlẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ má fi agbára. Ẹ wá kà á bọ̀ sókè, kílíìkì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìró kékeré tí ìyí ń dún bí ẹ ṣe ń yí i, títí dé òpin òkè. Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ padà síbi ìdajì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyí ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ yin ọta mẹ́wàá. Bí ihò bá ṣù pọ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ pátápátá ló lu, ẹ ti mú olè náà. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ gbé ẹ̀yìn awò sókè, kì í ṣe kí ẹ yí i. Òrùka kan wà tí wọ́n ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ gé ike fẹ́lẹ́ tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin mílímítà kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ òrùka ẹ̀yìn kí ẹ tó gbé awò lé e. Bí òrùka méjèèjì bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 10, ike yẹn nìkan á gbé ojú ìlù, ìyẹn ibi tí ọta ń lu, sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ní mítà 20. Ẹ má tò ó ní ìpele púpọ̀, yóò tẹ ara awò kọ.

Nígbà náà ni ẹ lè dán ìyí wò. Ọ̀pọ̀ awò ń rìn ní ìdá mẹ́rin MOA (ìwọ̀n igun kékeré tí a fi ń ka ìrìn awò) fún kílíìkì kan; ní mítà 20, ìyẹn jẹ́ bíi mílímítà kan ààbọ̀. Ẹ yin ọta márùn-ún. Ẹ yí i sókè ní kílíìkì 20, ẹ yin márùn-ún. Sí ọ̀tún 20, márùn-ún. Sí ìsàlẹ̀ 20, márùn-ún. Sí òsì 20, márùn-ún. Ojú kan náà lẹ ń fojú sùn ní gbogbo ìgbà. Ìṣùpọ̀ mẹ́rin ló yẹ kó dúró ní igun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 3 síra wọn, kí ti ìkẹyìn sì lu orí ti àkọ́kọ́. Bí ti ìkẹyìn kò bá padà sílé, awò yẹn ti kú nínú. Ẹ má náwó lé e lórí mọ́.

Ohun kan kù nípa awò: ẹ fi ìbọn jókòó sórí àpò iyanrìn kó má mì, kí ẹ wo inú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ sì máa gbé orí sọ́tùn-ún sósì díẹ̀. Bí àgbélébùú bá ń rìn lórí bébà bí orí yín ṣe ń rìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀nà jíjìn tí wọ́n fi sí i ti ju tiyín lọ. Awò ìbọn ọdẹ ni wọ́n ń fi sí nǹkan bíi mítà 90. Ti ìbọn afẹ́fẹ́ ṣeé yí wá sí mítà 10 tàbí 20. Ẹ yí i síbi tí ẹ ń yìn sí, kí ẹ sì máa gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ojú kan náà.

Ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́

Ìbọn kò gbọ́dọ̀ ká. Ẹ fi ọwọ́ kan di igi rẹ̀ mú, kí ẹ fi èkejì ti ẹnu ọ̀pá sọ́tùn-ún àti sósì. Bí ẹ bá gbọ́ "kọ" díẹ̀, tàbí tí ẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó mì, bóòtù tí ọ̀pá fi ń ṣẹ́ ti dẹ̀. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ títí mímì náà á fi tán, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá á ṣì máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Síkúrù kékeré kan sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dá a dúró. Ẹ kọ́kọ́ tú ìyẹn, kí ẹ sì dá a padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ gbé e lé ibi tí ọ̀pá ti pàdé ara ìbọn, kí ẹ yìn ín. Bí tíṣù bá fò, afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀. Rọ́bà roboto ìdí ọ̀pá ti jẹ. Rọ́bà tuntun kò wọ́n, ẹ kàn gbọ́dọ̀ mú ti àtijọ́ dání lọ kí ìwọ̀n lè bára mu.

Epo, ọta, ọwọ́

Ẹni tó fẹ́ràn ìbọn rẹ̀ ló sábà ń fi epo bà á jẹ́. Epo mọ́tò tàbí epo ẹ̀rọ ìránṣọ tí a kán sí ihò afẹ́fẹ́ á gbóná nígbà tí písítìnì bá fún un, yóò gbiná. Ẹ ó gbọ́ ìró tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó gbọ́ òórùn èéfín, ọta á sì máa ga ju ibi tó yẹ lọ, tí yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí epo ti ń jó tán. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé awò ni. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ọ̀pá, kí ẹ máa yìn ín títí èéfín á fi tán. Iwájú písítìnì kò fẹ́ epo tó ń gbiná rárá. Epo sílíkónì tí wọ́n ṣe fún un, ẹ̀kán kan lọ́pọ̀ oṣù, ti tó.

Ní ti ọta, ẹ yan irú kan, kí ẹ ra agolo mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà ti máa ń tẹ̀ ní ìdí. Ọta tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ kò ní lọ tààrà. Ẹ tú wọn sórí gíláàsì, kí ẹ yí wọn; èyí tó bá ń ta gìrìgìrì, ẹ yọ ọ́ kúrò. Òjé ni wọ́n sì ń fi ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà ló pa ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré. Ẹ má ki ọta sẹ́nu, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi agolo rẹ̀ ṣeré.

Ọwọ́ yín náà ń yí ojú ìlù padà. Nítorí ìgbọ̀nrìrì méjì yẹn, ìbọn oní-sípíríǹgì kò fẹ́ kí a há òun mọ́ ara. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kí ìbọn sinmi lé e lórí, kí ìka má fún un. Ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ igi, torí bí ẹ bá sún un bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ojú ìlù lè yí. Ẹ má gbé ọ̀pá lé tábìlì tàbí ẹ̀ka igi láé. Ẹni tó fi àpò iyanrìn tò ó mọ́ àmì, tó wá lọ yìn ín lórí ògiri ọgbà adìẹ, ó ti yí ìbọn náà padà láìmọ̀.

Àwọn tó ń lo gáàsì

Ìbọn onígáàsì CO2 ní ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ooru wa. Ní ìwọ̀n ooru 15, gáàsì inú rẹ̀ ń tì pẹ̀lú agbára bar 51. Ní 30, ó ti di bar 72. Nítorí náà, ìbọn tí ẹ tò ní àárọ̀ ọyẹ́ á lu òkè ní ọ̀sán, kò sì sí síkúrù tó tú. Ẹ tò ó ní irú àkókò tí ẹ ń lò ó, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí a tì sínú oòrùn. Ní ti èyí tí a ń fi páḿpù kún, ẹ wo géèjì rẹ̀: bí ojú ìlù bá ń yí bí afẹ́fẹ́ ti ń dínkù, ẹ máa kún un padà kó tó sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀

Ẹ yá awò ọ̀rẹ́ yín kan tí ẹ mọ̀ pé ó dúró lórí ìbọn tirẹ̀, kí ẹ gbé e sórí tiyín. Bí ìṣùpọ̀ bá ṣì fọ́n, ẹ wo ẹnu ọ̀pá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: ibi tí ọta ti ń jáde gbọ́dọ̀ dán yípo, kó má ní ìhọ̀ kankan. Bí ojú ìlù bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí ìbọn ń dún gbọ̀n-ọ́n nínú bí ẹ bá yìn ín, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì ti ṣẹ́ tàbí kí rọ́bà písítìnì ti jẹ. Ẹ má tú u fúnra yín. Sípíríǹgì yẹn ti wà ní fífún láti ilé iṣẹ́, bí ẹ bá fa píìnì rẹ̀ yọ láìní ohun tó ń dì í mú, ojú tàbí eyín lè lọ sí i. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní irin ìfúnpọ̀ rẹ̀, kí ẹ bi í kó fi irin náà hàn yín kí ẹ tó fi ìbọn sílẹ̀.

Nígbà tó bá dáa tán, ìgbà yẹn ni ìyí orí awò ní iṣẹ́. Ẹ yin márùn-ún, ẹ wọn bí àárín ìṣùpọ̀ ṣe jìnnà sí àmì, ẹ yí i ní iye kílíìkì tó bá a mu, ẹ tún yin márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ ka iye kílíìkì láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé ibi tó wà, kí ẹ dá a padà síbẹ̀, kí ẹ kọ iye náà sínú ìwé kékeré yẹn, pẹ̀lú orúkọ ọta àti oṣù tí ẹ tò ó.